Òkè Tí Kò Sí

Ohun tí ó wu ni ní í pọ̀ nínú ọrọ̀ ẹni. Ológún ẹrú kú, aṣọ rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo. Àgbà olùkọ́ kan wà ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, máàpù àtijọ́ ti ilẹ̀ Yúróòpù ni ó sì pọ̀ nínú ọrọ̀ tirẹ̀. Ọmọ rẹ̀ tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ni ó ń bá a rà wọ́n. Ìyàwó rẹ̀ a máa sọ pé òrùlé ń jò, bàbá ń ra bébà. Ìyá náà jàre.

Èyí tí Johann Baptist Homann ṣe ní ìlú Nuremberg ni ààyò bàbá. Orí àwo bàbà ni wọ́n ti ń fín irú máàpù bẹ́ẹ̀, tàdáwà dúdú nìkan ni wọ́n sì fi ń tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà ni ẹni tí ó mọ iṣẹ́ náà yóò fi búrọ́ọ̀ṣì àti ọ̀dà olómi kùn wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: ilẹ̀ ọba kan a pọ́n, ti èkejì a dà bí ewé tútù. Homann a sì máa fi àwòrán tí ó yí àkọlé ká sílẹ̀ láìkùn. Kò sí méjì tí ó bára mu tán. Jámánì ìgbà náà kì í ṣe ilẹ̀ ọba kan ṣoṣo. Àwọn ọba kéékèèké ni ó pín in mọ́wọ́. Bàbá a ní, "Ẹ wò ó, Èkìtì ni wọ́n!" Ìkẹ́rẹ́ pẹ̀lú ọba tirẹ̀, Ìsẹ̀ pẹ̀lú tirẹ̀, Èmùré pẹ̀lú tirẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀kan wà láàárín wọn tí kì í ṣe ti Yúróòpù. Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni àwọn òyìnbó yà sínú rẹ̀. Òkè gbọọrọ kan dábùú ilẹ̀ náà láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn. Òkè Kong ni wọ́n pè é. James Rennell ni ó yà á ní 1798, nínú máàpù tí ó ṣe fún ìwé ìrìn-àjò Mungo Park. Àwọn ayàwòrán ilẹ̀ tí ó tẹ̀lé e ń dà á kọ lọ ràì, ẹnikẹ́ni nínú wọn kò dé ibẹ̀ wò. Louis-Gustave Binger, ará Faransé, ni ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn ín láàárín 1887 sí 1889, tí ó sì rí i pé kò sí òkè bẹ́ẹ̀ rárá.

Ní ọjọ́ kan, ọmọ ilé-ìwé kan tí ó ń múra ìdánwò wá kí bàbá. Ó tẹjú mọ́ máàpù yìí títí.

"Bàbá, Olósùnta wá dà?"

Bàbá kò fèsì. Láti ojú fèrèsé, Olósùnta ń wò wọ́n gbàǹgbà, àpáta ńlá tí àwọn ará Ìkẹ́rẹ́ ń ṣe ọdún rẹ̀. Ọmọ náà mú pẹ́ńsù, ó fẹ́ yà á sí ibi tí ó yẹ. Bàbá gbá a lọ́wọ́ mú.

"Má fọwọ́ kàn án. Bí o bá tún un ṣe, kí ni a ó fi hàn pé wọn kò dé ibí?"

Ọmọ náà fi máàpù sílẹ̀, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ kò dùn. Ó fa bébà funfun yọ nínú àpò ìwé rẹ̀, ó sún àga mọ́ fèrèsé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yàwòrán. Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú lọ, bàbá bi í léèrè àwọ̀ tí ó fẹ́ fi kùn ún.