Àtẹ̀gùn Ìlú Amman

Nígbà tí èmi àti àwọn kan nínú ìjọ wa rìnrìn àjò mímọ́ lọ sí ilẹ̀ Jọ́dánì, ìlú Amman ni a kọ́kọ́ sùn. Ìlú yìí kì í ṣe àjèjì sí ẹni tí ń ka Bíbélì. Òun ni Rábà ti àwọn ọmọ Ámónì, níbi tí Ùráyà ará Hítì kú sí lójú ogun (2 Sámúẹ́lì 11).

Orí òkè ni Amman wà. Òkè méje ni wọ́n ń kà mọ́ ọn láyé àtijọ́, ṣùgbọ́n ó ti tàn kọjá bẹ́ẹ̀ lónìí. Àtẹ̀gùn olókùúta gígùn ni ọ̀nà àbùjá láti àárín ìlú dé orí àwọn òkè náà.

Màmá kan wà láàrin wa tí ó ti lé ní ẹni 70 ọdún. Nígbà tí a dé gbàgede ìwòran tí àwọn ará Róòmù kọ́, tí ó gba nǹkan bí 6,000 ènìyàn, àwọn ọ̀dọ́ sáré gòkè. Màmá jókòó sí ìsàlẹ̀, ó ní, "Pásítọ̀, ẹ máa lọ. Ẹsẹ̀ ni kò gbà fún mi mọ́." Èmi náà bá jókòó tì wọ́n.

Amọ̀nà wa, ọmọ ìlú náà, sọ fún wa pé orí òkè ni ìyá òun ń gbé, nínú ilé alájà tí kò ní ẹ̀rọ agbéniròkè. Ọjà tí ìyá ń fẹsẹ̀ rìn lọ tẹ́lẹ̀, ó ti pẹ́ tí ó ti fojú kàn án. Etí títì ga, wọ́n sì gbin igi sí àárín ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, débi pé àárín mọ́tò ni àgbàlagbà ń bọ́ sí. Àwọn Lárúbáwá ń bọ̀wọ̀ fún àgbà gidigidi nínú ilé. Ìta ni kò rọ̀ wọ́n lọ́rùn.

Ṣùgbọ́n àyípadà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 2007, Àjọ Ìlera Àgbáyé tẹ ìwé ìtọ́sọ́nà jáde lórí ìlú tí ó rọrùn fún àwọn àgbà. Ìlú 33 ni ó kópa nínú rẹ̀, Amman sì jẹ́ ọ̀kan. Àwọn àgbà fúnra wọn ni wọ́n bi léèrè. Ohun tí ìwé náà ń fẹ́ kò ṣòro: ìjókòó lẹ́bàá ọ̀nà, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó mọ́, ilẹ̀ tí kì í yọ̀, irin ìdìmú lára àtẹ̀gùn, àti àkókò tó tó láti sọdá títì. Ní ọdún 2017, Jọ́dánì ṣe òfin fún ẹ̀tọ́ àwọn abirùn, èyí tí ó kan ọ̀nà àbáwọlé ilé ìjọba àti ti gbogbo ènìyàn. Àǹfààní rẹ̀ yóò kan àwọn àgbà pẹ̀lú.

Ẹ rántí pé ilẹ̀ Móábù, tí ó wà ní Jọ́dánì òní, ni Mósè ti pàṣẹ pé kí ẹni tí ó bá kọ́lé ṣe ìgbátí yí òrùlé rẹ̀ ká, kí ènìyàn má baà ṣubú (Deuterónómì 22:8). Ọlọ́run ń wo bí a ṣe ń kọ́lé.

Nígbà tí a padà délé, ẹgbẹ́ àwọn ọkùnrin fi irin ìdìmú sí àtẹ̀gùn ilé ìsìn wa. Màmá ni ó kọ́kọ́ dì í mú. Ìwọ ń kọ́, ta ni àtẹ̀gùn ilé rẹ ti sé mọ́lé? Ogbó wa kò ní di ìtìmọ́lé, ní orúkọ Jésù. Àmín.