Ọ̀pẹ Lójú Owó Bìáfírà

Igi ọ̀pẹ ló kọ́kọ́ ń pe ojú lára ìwé owó pọ́n-ùn kan tí Báńkì Bìáfírà gbé jáde ní 1968. Yíǹkì aláwọ̀ aró ni wọ́n fi yà á. Oòrùn kékeré kan ń yọ lẹ́bàá rẹ̀, àwọ̀ ọsàn sì tàn kálẹ̀ lábẹ́ àwòrán náà, ó ki níhìn-ín, ó fẹ́lẹ́ lọ́hùn-ún.

Àmì ìjọba ló wà lẹ́yìn ìwé náà: idì bà sórí eyín erin, àmọ̀tẹ́kùn méjì sì nàró lápá ọ̀tún àti lápá òsì.

Ojú ogun abẹ́lé Nàìjíríà, nígbà tí Bìáfírà yapa kúrò lára Nàìjíríà, ni wọ́n bí owó yìí sí. Ní oṣù kìíní 1968, nígbà tí Awólọ́wọ̀ ń bójú tó ètò ìnáwó ìjọba àpapọ̀, Nàìjíríà pààrọ̀ owó rẹ̀, ìwé àtijọ́ kò sì ṣeé ná mọ́ láti ọjọ́ 22. Ní ọjọ́ 29, Bìáfírà kó tirẹ̀ jáde: ṣílè márùn-ún àti pọ́n-ùn kan péré.

Ọ̀wọ́ kejì ìwé owó tí Bìáfírà gbé jáde lẹ́yìn náà ló kún jù. Ṣílè mẹ́wàá wọ àwọ̀ ewé tó ṣú. Pọ́n-ùn márùn-ún wọ àwọ̀ àlùkò, iṣẹ́ aṣọ híhun sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Agbẹ́gilére ló wà lẹ́yìn pọ́n-ùn mẹ́wàá. Àwọn kan nínú wọn kò ní nọ́ńbà rárá. Ibi tó yẹ kí òǹkà wà mọ́ lóló, bí ẹni pé ìwé náà kúrò lábẹ́ ẹ̀rọ kí iṣẹ́ tó parí.

Owó onírin dé ní 1969: tọ́rọ́, sísì, ṣílè kan, ṣílè méjì àti sísì. Alumíníọ̀mù ni gbogbo wọn, ó fúyẹ́ lọ́wọ́ bí ìdérí ìgò. Àwọ̀ rẹ̀ funfun ràkọ̀ràkọ̀. Bó bá já bọ́ sórí símẹ́ǹtì, ohùn rẹ̀ tín-ín-rín, kì í pẹ́ tó fi ń kú. Ọ̀pẹ àti oòrùn yẹn náà ló wà lójú rẹ̀, wọ́n kéré, síbẹ̀ imọ̀ ọ̀pẹ ṣì hàn ketekete. Lọ́wọ́ àwọn tó ń kó owó àtijọ́ jọ lónìí, òun ló ṣọ̀wọ́n ju ìwé lọ.

Bìáfírà túúbá ní ọjọ́ 15 oṣù kìíní 1970, owó náà kò sì níye lórí mọ́. Fún àwọn tó ti kó o sí báńkì, ìjọba àpapọ̀ san pọ́n-ùn Nàìjíríà 20 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ní ẹgbẹ̀rún pọ́n-ùn àti ẹni tó ní ọgbọ̀n, iye kan náà ni wọ́n kà lé wọn lọ́wọ́.