Ìrẹsì lé mínísítà lọ
Láti ìgbà tí mo ti ń gbé ní Jàpáànù, kò sí ìròyìn tó wọ̀ mí lákínyẹmí ara bíi ti ìrẹsì ọdún 2025. Kílò márùn-ún kọjá yẹ́ẹ̀nì 4,000, nǹkan bí ìlọ́po méjì iye tí wọ́n ń tà á lọ́dún tó ṣáájú. Àárín ìnira yìí ni Taku Eto, mínísítà ètò ọ̀gbìn, sọ pé òun ò fowó ra ìrẹsì rí, pé àwọn alátìlẹ́yìn òun ló ń kó o fún òun. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tó fi kọ̀wé fipò sílẹ̀. Ó tẹ́ mi lọ́rùn gidigidi. Àwọn tó ń ṣọ́ owó ná ló gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn, inú wọn ò sì dùn rárá.

Shinjiro Koizumi tó rọ́pò rẹ̀ kó ìrẹsì inú àká ìjọba fún àwọn ilé ìtajà tààrà, wọ́n ń ta kílò márùn-ún ní bíi yẹ́ẹ̀nì 2,000 nígbà náà, àwọn èèyàn sì ń tò láti ìdájí. Ó dáa. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àwọn àgbẹ̀ ló ń ká mi lára jù: púpọ̀ wọn ti ń sún mọ́ àádọ́rin ọdún, àwọn ọmọ wọn sì ti lọ sí Tokyo.