Igbó Tí Wọn Kò Gé

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2016, ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Switzerland mú mi lọ kí àwọn òbí rẹ̀ ní Hospental, abúlé kékeré kan ní àfonífojì Urseren, láàárín àwọn òkè Alps. Andermatt ni ó tóbi jù níbẹ̀. Ó fi nǹkan bíi mítà 1,440 ga ju òkun lọ.

Nígbà tí mo jí ṣe àlùwàlá àsùbá, omi ń gún mi lọ́wọ́ bí abẹ́rẹ́. Mo ṣílẹ̀kùn, yìnyín ti bo gbogbo ilẹ̀ bí òwú. Àwọn màlúù ti sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè, koríko gbígbẹ tí wọ́n kó pamọ́ nígbà ooru ni wọ́n ń jẹ nínú ilé. Ọ̀nà mọ́tò orí òkè Furka ti di títì títí òtútù yóò fi lọ. Ẹni tó bá ń lọ sí Oberwald, ọkọ̀ ojú irin ni yóò wọ̀ gba ihò abẹ́ òkè, tó gùn ju kìlómítà 15 lọ, tí wọ́n ṣí ní 1982.

Mo bi bàbá ọ̀rẹ́ mi pé, "Bàbá, ṣé ẹ̀rù kì í bà yín níbí?" Ọ̀rẹ́ mi túmọ̀ rẹ̀. Bàbá mú wa lọ sí Andermatt, ó sì nawọ́ sí igbó kan tó dúró lórí òkè gẹ́rẹ́ ẹ̀yìn ìlú. Láti ọdún 1397 ni àwọn ará ibẹ̀ ti kọ ọ́ sínú òfin pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gé igi níbẹ̀, nítorí igi ló ń di yìnyín mú kó má baà ya lu ilé. Ẹ rò ó wò: nínú òtútù bẹ́ẹ̀, wọn kò gé e dáná!

Igbó kan kò lè bo gbogbo òkè. Ní ọjọ́ 20 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1951, yìnyín ya lu Andermatt, ó pa ènìyàn 13. Wọ́n gbin igi, wọ́n sì ri irin mọ́ àwọn òkè tó ṣófo.

Ojú tì mí. Bàbá mi gbin igi mẹ́rin sí ẹ̀yìn ilé wa. Nígbà tí wọ́n kú, èmi ni mo gé wọn tà fún onípákó. Lọ́dún kejì, ìjì ṣí òrùlé, òjò sì pa màmá mi lórí ibùsùn. Ìjì ni mo dá lẹ́bi nígbà náà.

Nígbà tí mo padà délé, mo gbin mẹ́rin mìíràn. Ẹ̀yin ọmọ wa, kí ẹ tó gbé àáké, ẹ kọ́kọ́ bèèrè ohun tó mú kí àwọn àgbà gbin igi náà. Kí Ọlọ́hun má jẹ́ kí a fi ọwọ́ ara wa ṣí òrùlé wa. Àmín.