Àmì Ohùn Lójú Ẹ̀rọ

Ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga, ìbéèrè ìdánwò kì í ti ọwọ́ olùkọ́ tó kọ ọ́ bọ́ sọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ tààrà. Ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò: ṣé ó bá ohun tí a kọ́ wọn mu, ṣé kò ní ìtumọ̀ méjì, ṣé máàkì tó wà lórí rẹ̀ tó iṣẹ́ tó wà nínú rẹ̀? Nígbà tí bébà ni gbogbo rẹ̀, inú àpò ìwé tí a lẹ̀ pa ni ìbéèrè ń bá rìn, olùyẹ̀wò a sì fi báírò pupa kọ èrò rẹ̀ sí etí ìwé. Lóde òní, ọ̀pọ̀ ti gbé iṣẹ́ náà sórí íntánẹ́ẹ̀tì. A kò gbọdọ̀ purọ́, ó ní àǹfààní: ẹni tó wà ní Ìbàdàn lè yẹ ìbéèrè Èkó wò láìwọ ọkọ̀, ẹ̀rọ a sì máa ṣàkọsílẹ̀ ẹni tó yí nǹkan padà àti ìgbà tó yí i.

Ọ̀rọ̀ yí padà nígbà tí ìbéèrè bá jẹ́ ti èdè Yorùbá. Ẹ wo mẹ́rin yìí: ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀, ọ̀kọ̀. Ọ̀kan ń fẹ́ ìyàwó, a fi èkejì kọ ebè, ẹ̀kẹta ń gbé èrò, ẹ̀kẹrin ń bẹ lọ́wọ́ jagunjagun. Bí ojú-ewé tí olùyẹ̀wò ṣí kò bá mọ lẹ́tà wa, àmì a ṣí kúrò lórí fáwẹ́lì, a bọ́ sí ẹ̀gbẹ́, tàbí kí àpótí òfìfo dúró sí ipò rẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá wá já gbogbo àmì dànù, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin di oko. Èwo ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò mú? Ẹyin lohùn, àwọn àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀, kọ̀ǹpútà kò sì tíì wà nígbà náà.

Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Nínú Unicode, ìlànà tí ẹ̀rọ káàkiri àgbáyé fi ń kọ lẹ́tà, ẹ àti ọ ní nọ́ńbà tiwọn, ṣùgbọ́n ẹ́ àti ọ̀ kò ní. Ńṣe ni ẹ̀rọ ń to àmì lé lẹ́tà. Olùkọ́ kan lè tẹ ẹ kí ó tó fi àmì òkè sí i. Ẹlòmíràn lè tẹ é kí ó tó fi àmì sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ojú kò lè mọ ìyàtọ̀. Bí wọn kò bá kọ́ ẹ̀rọ láti ka méjèèjì sí ọ̀kan náà, akẹ́kọ̀ọ́ tó kọ ìdáhùn tó tọ́ sínú àlàfo lè gba òdo. Olùyẹ̀wò kò sì ní rí èyí, nítorí ìbéèrè ni wọ́n fi hàn án. Wọn kò jẹ́ kí ó jókòó ṣe ìdánwò náà bí akẹ́kọ̀ọ́.

Pé ìbéèrè dára kò ní kí ẹ̀rọ má da ìdánwò rú. Ní oṣù karùn-ún 2025, àjọ JAMB jẹ́wọ́ pé àṣìṣe ẹ̀rọ kan àwọn olùdánwò 379,997 ní Èkó àti àwọn ìpínlẹ̀ márùn-ún ìlà-oòrùn gúúsù. Wọ́n ní kí wọ́n wá tún ìdánwò ṣe.

Àwọn olùyẹ̀wò kan ti dọ́gbọ́n sí i: wọ́n a ya ìbéèrè ní fọ́tò, wọ́n a fi fọ́tò náà sójú ewé kí àmì má baà ṣí. Ó ń ṣiṣẹ́, àmọ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó fọ́jú, tí ẹ̀rọ ń kàwé sí létí, kò ní gbọ́ nǹkan kan nínú fọ́tò. Ọgbọ́n kejì ló burú jù, òun ló sì rọrùn jù. Wọ́n a yọ ìbéèrè ohùn kúrò pátápátá, wọ́n a fi ti ìtàn àròsọ rọ́pò rẹ̀: ta ni ó kọ ọ́, ta ni ẹ̀dá ìtàn, níbo ló ti ṣẹlẹ̀. Ìyẹn kò nílò àmì kankan. Olùyẹ̀wò a tẹ bọ́tìnnì ìfọwọ́sí, iṣẹ́ a parí. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ a wo ìbéèrè àtijọ́, wọ́n a rí i pé ohùn kò sí níbẹ̀, wọ́n a sì pa ojú-ìwé náà dé.