Ẹ Jẹ́ Kí Gíláàsì Iwájú Wúwo

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan wà ní Ìkirè tí kò tíì bímọ, ṣùgbọ́n ẹni tó bá rí bó ṣe ń tọ́jú BMW E46 rẹ̀ á rò pé àkọ́bí rẹ̀ ni. Tòkunbọ̀ ni ọkọ̀ náà. Ó ti tú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tò, ó ti pààrọ̀ sàlẹ́ńsà, ó ti mú ọkọ̀ wálẹ̀ débi pé ìdí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ máa gbálẹ̀, ó sì ti yọ ìjókòó ẹ̀yìn jù sí yàrá ìyá rẹ̀. Ó wá kan gíláàsì iwájú. “Dádì,” ó ní, “ti polycarbonate kò tó ìdajì ìwúwo gíláàsì. Òun ni àwọn tó ń sáré ìdíje ń lò.” Mo rí i lójú rẹ̀ pé ó ń retí kí n kín òun lẹ́yìn, nítorí àwọn ìwé nípa ọkọ̀ tó wà nílé mi.

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Gíláàsì tó gba àyè lítà kan wọn nǹkan bíi kílò 2.5, polycarbonate, tí í ṣe ike líle, tó gba irú àyè bẹ́ẹ̀ kò ju kílò 1.2 lọ. Gíláàsì iwájú ọkọ̀ kékeré sábà máa ń wọn kílò 10 sí 15, nítorí náà bí a bá fi ike tó nípọn bákan náà rọ́pò rẹ̀, kílò márùn-ún sí méje lè kúrò. Òkè ọkọ̀ ni ìwúwo náà sì wà, ohun tó bá wúwo lókè ló sì máa ń mú kí ọkọ̀ fì bó bá ń yà ní kọ́nà. Ẹni tó ń sáré lórí pápá ìdíje, tó jẹ́ pé ìdá díẹ̀ nínú ìṣẹ́jú àáyá ló fi ń borí ẹnìkejì, kò lè fojú tẹ́ńbẹ́lú kílò méje.

Mo ní kó ṣí búùtù rẹ̀. Wúfà ńlá méjì ló wà níbẹ̀ nínú àpótí pákó, àwọn wáyà lọ́ mọ́ra wọn, jẹ́ríkánì epo kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Lítà epo bẹntiróò mẹ́wàá nìkan ti ju kílò méje lọ. Mo ní kó kọ́kọ́ gbé jẹ́ríkánì yẹn kalẹ̀, kó tún yọ wúfà kan, kí a tó máa sọ̀rọ̀ gíláàsì. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní orin kò sí lára ìwúwo. Èyí ni mo máa ń rí lọ́dọ̀ àwọn ọ̀dọ́ wa tó fẹ́ràn ọkọ̀ eré: ohun tí wọ́n bá rí nínú fídíò àwọn òyìnbó ni wọ́n fẹ́ gé kúrò, wọn kì í gbé ọkọ̀ tiwọn gan-an sórí ìwọ̀n.

Ẹ jẹ́ ká tiẹ̀ wo àwọn òyìnbó náà. Nígbà tí Porsche fẹ́ kí Carrera RS 2.7 fúyẹ́ ní 1973, gíláàsì tó fẹ́lẹ́ ni wọ́n lò, wọn ò lo ike síwájú. Ferrari F40 tó jáde ní 1987 lo ike fún fèrèsé ẹ̀gbẹ́. Ní 2003, Porsche 911 GT3 RS lo polycarbonate fún gíláàsì ẹ̀yìn. Ní ọdún yẹn kan náà ni M3 CSL jáde, ẹ̀gbọ́n pátápátá fún ọkọ̀ tí ọmọ mi ń wà. Àwọn BMW fi káábọ̀n ṣe òrùlé rẹ̀, wọ́n sọ gíláàsì ẹ̀yìn di fẹ́lẹ́, ṣùgbọ́n gíláàsì gidi ni wọ́n fi sílẹ̀ níwájú. Àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ gígé ìwúwo kúrò lára ọkọ̀, tí wọn ò sì láàánú owó, ẹ̀yìn àti ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n ti ń gé e.

Ford ló gbójú lé iwájú, pẹ̀lú ọkọ̀ GT wọn tí wọ́n kéde gíláàsì rẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún 2015. Àwọn Corning tó ń ṣe Gorilla Glass orí fóònù ló bá wọn ṣe é. Ó fúyẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta. Síbẹ̀, ẹ wo bí wọ́n ṣe ṣe é: gíláàsì níta, gíláàsì Gorilla nínú, ike pẹlẹbẹ láàárín. Lámínéètì ṣì ni.

Lámínéètì yìí ni kókó ọ̀rọ̀. Ọ̀dọ̀ ará Faransé kan, Édouard Bénédictus, ni ìtàn rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ní 1903. Ìgò kan bọ́ lulẹ̀ níbi iṣẹ́ rẹ̀, ó sán, ṣùgbọ́n kò tú ká, nítorí ohun kan tó ti wà nínú rẹ̀ gbẹ mọ́ ọn lára bí awọ. Ní 1909 ló gba ẹ̀tọ́ àṣẹ lórí gíláàsì tó ti ibẹ̀ jáde. Ti òde òní jẹ́ gíláàsì méjì tí awọ ike kan so pọ̀. Bí òkúta bá bà á, á là, ṣùgbọ́n á dúró síbi tó wà, ẹ óò sì máa ríran títí ẹ óò fi délé.

Àwa tí a dàgbà sójú ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀ mọ irú kejì. Mo wà lẹ́yìn ọkọ̀ Peugeot 504 kan nígbà tí mo wà ní kékeré, a ti kọjá afárá Àṣejíre, Ìkirè kò jìnnà mọ́, nígbà tí táyà típà kan ta òkúta sẹ́yìn. Gíláàsì wa kò là. Gbogbo rẹ̀ funfun lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, láti apá ọ̀tún dé apá òsì. Dírẹ́bà ò rí nǹkan kan. Ó fi ìkúùkù lu ihò sí i pẹ̀lú ọ̀kan nínú ọwọ́ rẹ̀, ó ń fi èkejì di síárìn mú, ihò yẹn ló sì fi rí bèbè ọ̀nà tó yà sí. Títí di alẹ́ ni ìyá mi ń ṣa gíláàsì wóróró nínú irun wa. Tẹ́ńpádì ni wọ́n ń pe irú yẹn. Ó dára fún ẹ̀gbẹ́, kò dára fún iwájú.

Ọ̀nà yẹn ni Wọlé Ṣóyínká ń gbà nígbà tó ń kọ́ni ní Yunifásítì Ifẹ̀. Ikú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ lórí rẹ̀ wà lára ohun tó sún un débi pé ó kó ipa pàtàkì nínú dídá ẹ̀ṣọ́ ojú pópó Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sílẹ̀ ní 1977, nígbà tí Ìkirè ṣì wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ sì dá ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tirẹ̀, FRSC, sílẹ̀ ní oṣù Kejì ọdún 1988, òun ni alága àkọ́kọ́. Típà àti tírélà ò tíì kúrò lójú ọ̀nà náà. Òkúta ò tíì tán lábẹ́ táyà wọn.

Ọmọ mi ní òkúta ò lè fọ́ polycarbonate. Òótọ́ ni, ó le ju gíláàsì lọ níbi ìyẹn. Àmọ́ ó rọrùn láti họ. Ẹ fojú inú wo oṣù Kìíní, tí ọyẹ́ mú, tí eruku pupa bo ọkọ̀. Ẹ tan wáípà. Iyanrìn inú eruku náà á fa ìlà roboto sára ike yẹn, ọmọ tó ń nu ọkọ̀ nídìí àwọn tó ń ta dòdò Ìkirè á tún fi àkísà gbígbẹ parí iṣẹ́. Lójú ọ̀sán ẹ ò ní kà á sí. Lálẹ́, bí tírélà bá tan iná gíga bọ̀ láti iwájú, ìlà kọ̀ọ̀kan á fọ́n ìmọ́lẹ̀ náà ká, ẹ ò sì ní rí ẹni tó ń sọdá. Àwọn tó ń sáré ìdíje NASCAR ní Amẹ́ríkà máa ń lẹ fíìmù sí ike tiwọn, wọ́n á máa ya á dànù bó bá ti dọ̀tí. Wọ́n tún ní àṣíborí, bẹ́líìtì tó so wọ́n mọ́ ìjókòó láti èjìká dé itan, àti irin tó yí wọn ká nínú ọkọ̀. Ọmọ mi ní fìlà.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, báàgì afẹ́fẹ́ ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà máa ń kọ́kọ́ gbá gíláàsì iwájú kó tó padà sọ́dọ̀ ẹni náà. Bí gíláàsì ò bá dúró gírígírí, báàgì á tì í jáde, orí ẹni náà á sì tẹ̀ lé e. Ìdí nìyí tí ọwọ́ ẹni tó ń fi gíláàsì sọ́kọ̀ fi ṣe pàtàkì bíi gíláàsì fúnra rẹ̀. Mo ti dúró wò wọ́n níbi iṣẹ́. Wáyà tín-ín-rín ni wọ́n fi ń gé gọ́ọ̀mù àtijọ́: ẹnìkan nínú ọkọ̀, ẹnìkan níta, wọ́n á máa fà á síwá sẹ́yìn títí gíláàsì á fi tú. Oníṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe á fọ ìpẹtà ara irin, á sì fi gọ́ọ̀mù urethane lẹ tuntun. Ẹni tó fẹ́ tètè gbowó á fi sílíkóònì tí wọ́n ń fi dí ojú fèrèsé ilé.

Ọmọ mi ti ra gíláàsì rẹ̀, tòkunbọ̀, lámínéètì. Bí ẹ̀yin náà bá ń lọ ra tiyín, ní ọjà Gate ní Ìbàdàn ni o tàbí ní ọjà Ládípọ̀ ní Èkó, ẹ wo igun rẹ̀ nísàlẹ̀. Èyí tó bá wá láti Amẹ́ríkà gbọ́dọ̀ ní AS1. Bó bá jẹ́ AS2 ni, kì í ṣe ti iwájú. Bí wọ́n bá fi í sọ́kọ̀ tán, ẹ bi oníṣẹ́ pé wákàtí mélòó ni gọ́ọ̀mù rẹ̀ fi ń gbẹ, kí ẹ sì jókòó dè é. Bí ẹ bá ṣì fẹ́ kí ọkọ̀ fúyẹ́, ẹ lọ ṣí búùtù.