Wọ́n Ní Kí N Fo Ọdún 1892

Tí ẹ bá bi ọmọ ìjọ léèrè bí ṣọ́ọ̀ṣì abúlé rẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀, èsì tí ẹ ó gbọ́ ni pé, "Òyìnbó ló mú un wá." Ó parí. Èmi tí mo ti ń kọ̀wé fún ìwé ìròyìn láti bí ogún ọdún, ìtàn tó bá kúrú tó báyìí máa ń kọ mí lóminú.

Ṣọ́ọ̀ṣì tí mò ń sọ yìí wà ní abúlé ìyá mi, lójú ọ̀nà tó ti Ìkòròdú gba Ìtóìkín lọ sí Ẹ̀pẹ́. N kò ní dárúkọ rẹ̀, kí ìjà má baà dé. Wọ́n fẹ́ tẹ ìwé ìtàn pélébé kan fún ìkórè, wọ́n ní kí n bá wọn kọ ọ́. Mo kọ ọ́. Bàbá Ìjọ kà á tán, ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan: "Ọmọ mi, o ṣeun o. Ṣùgbọ́n fo ọdún 1892 yẹn. Ọ̀rọ̀ ìbọn kò yẹ ilé Ọlọ́run."

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, báwo la ṣe fẹ́ fò ó? Àwọn míṣọ́nnárì ti dé Àgbádárìgì ní 1842, wọ́n dé Abẹ́òkúta ní 1846, wọ́n wọ Èkó ní 1852. Ìjẹ̀bú nìkan ló ti ilẹ̀kùn gbọn-in. Àwọn àgbà Ìjẹ̀bú kì í sì í ṣe òpè. Wọ́n ti rí ohun tó ṣẹlẹ̀ l'Ékòó ní oṣù Kejìlá 1851, nígbà tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lé ìlú náà, tí Ọba Kòsọ́kọ́ fi sá kúrò lórí ìtẹ́. Ẹ̀pẹ́ ló wá fìdí sọlẹ̀ sí. Ibẹ̀ ló ti bá àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣàdéhùn ní 1854. Ní 1862 ó padà sí Èkó, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn èèyàn rẹ̀ dúró. Àwọn ni Èkó Ẹ̀pẹ́ títí dòní, tí wọ́n ń ṣe Kayọ̀kayọ̀. Mùsùlùmí sì pọ̀ nínú wọn, débi pé wọ́n ti ń pe àdúrà ní Ẹ̀pẹ́ tipẹ́ kí agogo ṣọ́ọ̀ṣì tó dún níbẹ̀.

Ti Ìkòròdú yàtọ̀. Ní oṣù Kẹta 1865, Ẹ̀gbá ló dó tì wọ́n, sójà Gólóbà ló sì wá lé Ẹ̀gbá lọ. Ìbọn kan náà ni o, ó gba ọ̀kan là, ó sọ ẹnìkejì di ìsáǹsá. Ẹ wá sọ fún mi bí ẹni tó ń gbé láàárín ìlú méjèèjì ṣe fẹ́ sọ ìtàn òyìnbó ní gbólóhùn kan.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1892, àwọn aṣojú Awùjalẹ̀ ṣàdéhùn l'Ékòó pẹ̀lú Gómìnà Carter pé ọ̀nà yóò là, ìjọba yóò sì máa san £500 lọ́dọọdún. Kò pẹ́ tí wọ́n fi dá míṣọ́nnárì kan padà lójú ọ̀nà. Ohun tí Carter ń wá nìyẹn! Ní oṣù Karùn-ún, àwọn sójà gba orí ọ̀sà wá gúnlẹ̀ sí Ẹ̀pẹ́, Kọ́nẹ́ẹ̀lì Scott ló ṣáájú wọn. Ní ọjọ́ 19, ìbọn Maxim dún ní Ìmàgbọn. Lọ́jọ́ kejì wọ́n wà ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ọ̀nà tí àwọn sójà là yẹn ni ṣọ́ọ̀ṣì bá wọlé.

Àmọ́ ìbọn kì í yọ búlọ́ọ̀kù. Láàárín ọdún díẹ̀, Ìjẹ̀bú tó ti ilẹ̀kùn bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sì ń wọ́ lọ sí mọ́ṣáláṣí pẹ̀lú. Kò sẹ́ni tó yìnbọn sí wọn nídìí kí wọ́n tó lọ.

Ìwé ìrìbọmi ṣọ́ọ̀ṣì wa ló là mí lójú. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti 1538 ni Thomas Cromwell, ìránṣẹ́ àgbà Ọba Henry Kẹjọ, ti pàṣẹ pé kí ṣọ́ọ̀ṣì kọ̀ọ̀kan máa kọ orúkọ àwọn tó ṣèrìbọmi, tó gbéyàwó, àti àwọn tí wọ́n sin. Àṣà yẹn ló tẹ̀ lé míṣọ́nnárì dé ọ̀dọ̀ wa. Tiwa rèé nínú àpótí onípáákó, ikán ti jẹ etí rẹ̀. Mo jókòó tì í láti àárọ̀ títí oòrùn fi wọ̀. Orúkọ ọmọ, orúkọ bàbá, iṣẹ́ bàbá: àgbẹ̀, apẹja, àgbẹ̀, agbẹ́gilódò. Mo wá orúkọ òyìnbó kan ṣoṣo, n kò rí. Ohun tí mo rí ni Josẹ́fù ọmọ Bákàrè, Ràkẹ́lì ọmọ Súlè. Bàbá ń kírun, ọmọ ń ṣèrìbọmi, inú agbolé kan náà ni wọ́n ń sùn. Àwọn arúgbó ní irú àwọn bàbá bẹ́ẹ̀ wà lára àwọn tó po amọ̀ ògiri ṣọ́ọ̀ṣì náà, pé àwọn obìnrin ló fi igbá ru yanrìn láti etí ọ̀sà. Ní tèmi o, àwọn wọ̀nyí ló kọ́ ọ.

Nígbà tí ìgbìmọ̀ tún jókòó, mo ní tí wọ́n bá yọ 1892, kí wọ́n yọ orúkọ mi mọ́ ọn. Ariwo sọ. Ìyá Ìjọ, tó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún, tí gbogbo wa rò pé ó ń tòògbé, ló gbé orí sókè.

"Ọdún ogun Ìmàgbọn ni wọ́n bí ìyá tó bí ìyá mi. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ka ọjọ́ orí rẹ̀ títí ó fi kú. Tí ẹ bá yọ ọ́, ọdún wo lẹ fẹ́ bí i sí?"

Bàbá Ìjọ bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún títí. Lẹ́yìn náà ló béèrè iye tí àwọn atẹ̀wé máa gbà.